Ìdọ̀tí Lọ́rì Ní Ìdí: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Lọ́rì Kékeré Tó Jọ Èyí Tó Ti Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu láti Kamazou, fóìsì nóòtù mẹ́ta. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé e.

Fóìsì kìíní

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo fi fọ́tò lọ́rì 911 kan síbí, ẹni mẹ́ta ló béèrè iye tí mo fẹ́ tà á. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá pépà rẹ̀ pé. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́rì yẹn ò ju ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà lọ. Orí tábìlì mi ló wà. Agolo mílíìkì àti pákó ni mo fi ṣe é. Ẹ ní kí n ṣàlàyé, ó yá, ẹ gbọ́.

Gbogbo wa la ṣe é ní kékeré, àbí? Agolo sàdíìnì fún bọ́dì, sílípáàsì gbígé fún táyà, okùn tá a fi ń wọ́ ọ kiri. Ohun tó ya tèmi sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n. Ọ̀kan nínú 24 ni mò ń lò: gbogbo sẹ̀ńtímítà 24 lára lọ́rì gidi, ẹyọ kan ni lára tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó kọ̀nténà, á tètè yé yín. Kọ̀nténà ogún ẹsẹ̀ bàtà gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44. Ẹ fi 24 pín in: gígùn di bíi sẹ̀ńtímítà 25, fífẹ̀ di 10. Táyà tó ga ní mítà kan á di mẹ́rin àti díẹ̀. Dírẹ́bà tó ga ní mítà 1.70 á di méje. Tí dírẹ́bà méje yìí ò bá lè gba ẹnu ilẹ̀kùn yín wọlé, ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe.

Àwọn òyìnbó ń tà á nínú páálí. Italeri ti Ítálì àti Revell ti Jámánì ní lọ́rì oníke ní ìwọ̀n 24 yìí. Èmi, 911 tiwa, tí káfíńtà kan bọ́dì pákó fún, ló wù mí, torí náà ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mercedes onímú kúkúrú yẹn jáde ní 1959. Nọ́ńbà rẹ̀ náà ní ìtumọ̀ o: 9 ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, mọ́tò pẹ̀lú ẹrù, 11 ni agbára ẹṣin 110. 1113 jẹ́ tọ́ọ̀nù 11, ẹṣin 130.

Páálí ni mo kọ́kọ́ máa ń gé bí ẹni gé aṣọ, tó bá bára mu, mo wá fi gé agolo. Wáyà ni mo fi ń ṣe dígí ẹ̀gbẹ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni bọ́dì ẹ̀yìn, mo ń tò ó ní ẹyọ ẹyọ bí káfíńtà ṣe ń tò ó.

Fóìsì kejì

Ó kan ọ̀dà báyìí. Tánkà ni mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ ṣáà mọ̀ pé tánkà kò ṣàjèjì lápá ọ̀dọ̀ wa tí rìfáínárì wà láti 1980. Mo fi ọ̀dà pupa kun gbogbo ara rẹ̀ pé ó ti dípẹtà. Dírẹ́bà tánkà kan wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, mọ́tò yìí ò ṣiṣẹ́ o. Iná ló jó o.” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo gbé ìwé, mo lọ jókòó sí gáréèjì. Mo rí i pé nǹkan mẹ́rin ló ń sọ lọ́rì di ogbó: omi, ọwọ́, ọ̀nà àti epo. Gbogbo àbàwọ́n tẹ́ ẹ bá fi sí i, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ èwo ló fà á nínú mẹ́rin yìí.

Omi ló ń fa ìpẹtà, ibi tí omi bá ti dúró ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀: etí ilẹ̀kùn, abẹ́ pákó, ìdí nọ́ọ̀tì. Mo máa ń kun agolo ní àwọ̀ ìpẹtà ṣáájú. Tó bá gbẹ, mo fi omi tọ́ ibẹ̀, mo wọ́n iyọ̀ sí i. Tí iyọ̀ bá ti gbẹ, mo fín ọ̀dà mọ́tò lé e. Tọ́ọ̀lá ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tútù ha iyọ̀ kúrò: ọ̀dà á ṣí bó ṣe ń ṣí lára mọ́tò gan-an. Ìpẹtà máa ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé, kì í lọ sókè. Mo fi ọ̀dà olóròóró kán an, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì fà á wálẹ̀. Kẹrosíìnì ò ní jẹ ọ̀dà mọ́tò tó ti gbẹ dáadáa. Tínà ni kẹ́ ẹ sá fún, á jẹ ẹ́.

Ọwọ́ ń bó ọ̀dà níbi tí wọ́n ti ń dì í mú: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ibi tí alábàárù ń tẹ̀ gun òkè. Mo ya fóòmù kékeré, mo fi tẹ ọ̀dà dúdú díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀nà ni eruku. Mo kó erùpẹ̀ pupa Kamazou yìí, mo fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi àti gúlù funfun káfíńtà díẹ̀. Irin tó wà nínú erùpẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa, torí náà ó dára fún ìpẹtà pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ òjò máa ń ta láti ìsàlẹ̀, eruku ọyẹ́ máa ń bà sórí òkè, ó sì funfun ju ẹrẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe àkókò méjèèjì lára mọ́tò kan náà. Ibi tí wípà nù lára gíláàsì, ẹ jẹ́ kó mọ́.

Epo: ẹnu táǹkì dísù máa ń dúdú, á máa dán, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu sálẹ́ńsà, èéfín dúdú.

Fóìsì kẹta

Ẹnì kan á ní, kí ni eré ọmọdé yìí fẹ́ ṣe fún wa lọ́jà? Ẹ gbọ́. Kí n tó mọ nǹkan wọ̀nyí, mo di agbọ̀n tòmátì ogójì sórí lọ́rì kan lọ sí Mile 12. Lọ́rì náà ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, títí dé ṣásì. Mo ní ẹni tó tọ́jú mọ́tò báyìí, kò séwu. A kọjá Mokwa, a ò tíì dé Jẹ́bà, ṣásì kán. Ọjọ́ méjì la lò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òòrùn ń ṣe fún tòmátì. Èyí tó ṣeé tà kò pé agbọ̀n mẹ́wàá. Owó àjọ wà nínú rẹ̀, ọdún kan gbáko ni mo fi san án.

Nígbà tí wẹ́dà tan iná sí ẹnu ibi tó kán, ìdajì rẹ̀ ti dípẹtà dúdú, ìdajì yòókù ń dán bí irin tuntun. Èyí tó dúdú ti là tipẹ́, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Èyí tó ń dán ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ni.

Ní báyìí, kí n tó di ẹrù, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Orí ti gbó, ṣásì wá tuntun? Mo á béèrè ìdí. Ìlà ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn jáde láti ẹnu oríkèé irin? Ó lè ti là níbẹ̀. Epo tútù nínú táyà lápá inú? Ó lè dé bíréèkì. Táyà jẹ lápá kan? Ẹsẹ̀ mọ́tò ò gún nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀dà tuntun ni irọ́ o. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó dọ̀tí níbi tó yẹ kó dọ̀tí, èmi á bá a dúnàádúrà. Èyí tó mọ́ níbi tó yẹ kó dọ̀tí ni mò ń sá fún.

Ẹ bá mi tọ́jú agolo mílíìkì yín o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹbẹ. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ẹrù lọ́nà.