Dída Ẹ̀yà Àgùntàn Méjì Pọ̀ fún Agbo Tó Lérè Lórí

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi àgbò òkè Ọya gun abo àgùntàn ilẹ̀ wa kí agbo lè mú èrè wá.

Àgùntàn kúkúrú ni ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, títí dé Port Harcourt níbí. Abo rẹ̀ kì í sábà wúwo ju kílò 30 lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran. Yankasa, Uda àti Balami tóbi jù ú lọ, àmọ́ àìsàn yìí tètè ń mú wọn balẹ̀.

Bí àgbò Yankasa bá gun abo kúkúrú, ìdajì ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò jẹ́ ti ìyá. Ọmọ náà sábà máa ń tóbi ju ìyá lọ, èyí tí í mówó wọlé nígbà Iléyá. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fi àgbò Yankasa mìíràn gun ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò ku ìdá kan nínú mẹ́rin, agbára àtifara da àìsàn yóò sì dín kù. Ibẹ̀ ni àdánù ti ń wọlé.

Nítorí náà, a dámọ̀ràn pé:
1. Kí a má fi àgbò ńlá gun abo tí kò tíì bímọ rí, kí ìbí má baà nira.
2. Kí a pààrọ̀ àgbò kí ó tó gun ọmọ tirẹ̀.
3. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ máa kọ ọjọ́ gígùn sílẹ̀ ní oko kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n sì ka oṣù márùn-ún sí ọjọ́ ìbí. Ohun tí wọ́n bá fojú rí ni wọn yóò lè fi kọ́ni.