Ebi Nìkan Kọ́ Ni Ìṣẹ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń gbé ẹ̀bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti Ìkẹjà dé Agége ní Èkó yóò rí i pé òwe náà kò tán ọ̀rọ̀. Ìyá, tí í ṣe wúrà, á ti jáde kí àkùkọ tó kọ. Bàbá á ti iṣẹ́ òru dé, á sùn lọ fọnfọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta á sì wà nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, lọ́dọ̀ ará ilé tí òun náà ní tirẹ̀ lọ́rùn. Ó lè yó bámúbámú, kí ó má sì rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ahọ́n rẹ̀ náà kò sì tó ohun tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ọmọ kékeré tí ohun ìjà inú àgọ́ ológun Ìkẹjà bú gbàmù mọ́ létí ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn tí ń sá àsálà kó sínú omi Òkè-Afá, kò lè ro ẹjọ́ ẹ̀rù rẹ̀ bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní iyanrìn, ó lè kọ́ ilé, kí ó wó o, kí ó tún un kọ́. Irú eré yìí ni oníṣègùn Margaret Lowenfeld fi ṣe ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ṣí ilé ìwòsàn ọmọdé ní 1928, tí ó sì wá gbé àwo iyanrìn àti ohun ìṣeré kéékèèké síwájú àwọn ọmọ tí ìdààmú bá. Virginia Axline ará Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1947: olùtọ́jú kì í darí eré, kì í kánjú, a máa sọ ohun tí ó rí lọ́kàn ọmọ padà fún un. Iṣẹ́ ẹni tí a kọ́ ni, kì í ṣe gbogbo eré ni ìtọ́jú.

Síbẹ̀, eré lásán láàárín ìyá àti ọmọ ní agbára tirẹ̀, ibẹ̀ ni èmi àti òwe wa ti pínyà. Ní Kingston, ní Jàmáíkà, ní 1986 sí 1987, olùwádìí Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ aláìní 129 tí ara wọn kò dàgbà tó ọjọ́ orí wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní wàrà. Ní ti àwọn mìíràn, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń wọlé tọ̀ wọ́n ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì, ó ń kọ́ ìyá bí a ti ń bá ọmọ ṣeré, pẹ̀lú ohun ìṣeré tí a fi àlòkù ṣe. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, owó iṣẹ́ àwọn tí a bá ṣeré fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí a kò bá ṣe lọ. Wàrà nìkan kò fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. (Ẹ má ní mo ní kí a gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ o.)

Agége kò ṣàìní ìdérí ìgò àti agolo tí a lè fi ṣe ohun ìṣeré, kò sì ṣàìmọ bojúbojú, tẹ́ńtẹ́n àti àlọ́ ìjàpá. Àgbà tí ó ráàyè ni ó ṣọ̀wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà ti 2003 ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè gba wákàtí kan fún ìyá lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Lójú tèmi, orí bẹ́ǹṣì ibi tí àwọn ìyá ti ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí nọ́ọ̀sì ti máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ti Kingston. Ọmọ tí tirẹ̀ bá sì ju eré ìyá lọ, ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ẹ̀ka ọmọdé ní Òṣòdì, kò jìnnà sí Ìkẹjà.