Sẹ̀ǹtímítà Nínú Ilé-Ìkàwé Amẹ́ríkà

Láti ọdún 1866 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fàyè gba ìwọ̀n mẹ́tíríkì, èyí tí mítà, lítà àti kílógíráàmù jẹ́ òpó rẹ̀, síbẹ̀ íńṣì, ẹsẹ̀ bàtà àti máìlì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣì ń lò títí di òní. Ilé-ìkàwé wà lára àwọn ibi tí mẹ́tíríkì ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkàwé kì í fura.

Melvil Dewey, ẹni tó gbé ètò nọ́ńbà tí a fi ń pín ìwé sí ìsọ̀rí jáde lọ́dún 1876, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ń polongo mẹ́tíríkì sílẹ̀ ní Boston lọ́dún kan náà. Ìpín mẹ́wàá-mẹ́wàá ló so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí ìsọ̀rí mẹ́wàá ni ó pín ìmọ̀ sí, tí ìkọ̀ọ̀kan sì tún pín sí mẹ́wàá. Mẹ́tíríkì náà ni wọ́n fi wọn káàdì ilé-ìkàwé: káàdì kátálọ́ọ̀gì, páálí pélébé tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé sí tẹ́lẹ̀, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.5, ó sì ga ní 7.5, àwọn ènìyàn ń pè é ní íńṣì mẹ́ta sí márùn-ún, bẹ́ẹ̀ íńṣì mẹ́ta géérégé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.62.

Kọ̀ǹpútà ti gba ipò káàdì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kò yẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìwé kan, lẹ́yìn iye ojú-ìwé, ni a ó ti rí gíga rẹ̀, bíi 24 cm. Òṣìṣẹ́ a gbé rúlà ti ẹ̀yìn ìwé, bó bá sì ka 23.2, 24 ni yóò kọ, nítorí ìlànà iṣẹ́ náà ni pé bí gíga bá ti kọjá nọ́ńbà kan, èyí tó tẹ̀ lé e ni kí a mú. Ìwé tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gíga yìí ló ń sọ pẹpẹ tó lè gba ìwé náà.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí mẹ́tíríkì di bárakú ní ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà kò nílò ìwàásù. Kí ó la 24 cm yé òǹkàwé, kí ó fi rúlà sórí tábìlì, kí ó sì kọ gígùn pẹpẹ kọ̀ọ̀kan sí ara pẹpẹ náà ní mítà nìkan. Kíkọ ìwọ̀n méjèèjì pọ̀ dà bí inúure, àmọ́ èyí tí ojú ti mọ̀ ni ojú yóò wò: téèpù télọ̀ ní Ìbàdàn ní sẹ̀ǹtímítà lápá kan àti íńṣì lápá kejì, íńṣì náà ni télọ̀ sì ń kà.

Ẹ̀ka àkójọ ìwé àtijọ́ ni iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí jù. Ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà fi ń sọ bí àwọn àpótí ìwé tí wọ́n tò sórí pẹpẹ ṣe gùn tó, mítà sì ni àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù ń lò, tó fi jẹ́ pé olùwádìí tó bá ń ṣiṣẹ́ níhà méjèèjì ni yóò máa ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.