Ìjánu Ọkọ̀: Owó Tí A Ń Ná Sí I àti Owó Tí Ìjáfara Ń Gbà

Ẹṣin tí kò ní ìjánu, ọlọgbọ́n kì í gùn ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ rí. Ìjánu ọkọ̀ ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bíréèkì, síbẹ̀ nínú gbogbo ohun tí olówó ọkọ̀ ń ná owó lé lórí, bíréèkì ni a sábà máa ń fi sẹ́yìn. Àgbẹ̀ tí ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà yóò tètè ra epo, nítorí pé láìsí epo ọkọ̀ kò ní rìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán ṣì ń rìn. Rírìn náà gan-an sì ni ewu rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní, àwo irin kan wà tí ó ń bá táyà iwájú yí. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ a máa ti páàdì méjì mọ́ àwo náà, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní òde, wọn a sì fún un títí yóò fi dúró. Ojú páàdì rọ̀ ju irin àwo lọ. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí òun lè máa jẹ, kí àwo má baà tètè jẹ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1897, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Herbert Frood kíyè sí i pé àwọn tí ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè a máa kan bàtà àlòkù mọ́ igi ìjánu kẹ̀kẹ́ wọn. Láti inú àkíyèsí yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ohun ìjánu tí ó di lílò fún kẹ̀kẹ́ àti fún ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ bàtà àlòkù náà kò tíì yí padà: ohun tí kò wọ́n ni a fi ń dáàbò bo ohun tí ó wọ́n.

ÌṢIRÒ OWÓ NÁÀ

Iye owó ọjà kì í dúró sí ojú kan. Nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí ó wà níhìn-ín. Kí olúkúlùkù fi iye ti ìlú rẹ̀ rọ́pò wọn.

Bí páàdì ti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá jẹ́ 20,000 náírà, tí mẹkáníìkì sì gba 6,000 náírà fún iṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26,000 náírà. Bí olówó ọkọ̀ bá ṣe é fúnra rẹ̀, 6,000 náírà ni yóò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní jáàkì tí ó lágbára, àti ẹsẹ̀ irin méjì tí ọkọ̀ yóò fi dúró, àti àwọn sípánà tí ó yẹ, tí gbogbo wọn sì jẹ́ 42,000 náírà, yóò pààrọ̀ páàdì ní ẹ̀ẹ̀meje kí owó irinṣẹ́ rẹ̀ tó padà wọlé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wákàtí ni a fi ń ka owó iṣẹ́ níbẹ̀, nígbà púpọ̀ ni ó sì ń ju owó páàdì lọ. Nítorí náà ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ lè tètè rí èrè irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ará ilé má ṣe gbé ìṣirò òkè òkun wá sílé. Èrè tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ń jẹ nílé ni pé a kò lè tàn án jẹ, àti pé kò ní fi bíréèkì tí ó ti jẹ tán wakọ̀ bọ̀ láti oko nítorí pé kò sí mẹkáníìkì nítòsí.

Ẹ wo ìṣirò kẹta wàyí, ti ẹni tí ó jáfara. Páàdì jẹ tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo. Bí àwo méjèèjì bá jẹ́ 70,000 náírà, páàdì 20,000 náírà, àti owó iṣẹ́ 10,000 náírà, ó di 100,000 náírà. Ẹni tí ó kọ̀ láti ná 26,000 ti fi 74,000 kún un, bí kò bá tilẹ̀ sí ìjàǹbá. Nítorí náà, ìgbà tí a ó ṣe é ṣe pàtàkì ju ẹni tí yóò ṣe é lọ.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Ojú páàdì tuntun a máa nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Nígbà tí ó bá ku mìlímítà 3, tí kò ju orí ìṣáná lọ ní nínípọn, àsìkò tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páàdì ní ahọ́n irin kékeré tí yóò máa han gooro bí ó bá kù díẹ̀. Bí ó bá wá ń dún bí ẹni ń lọ òkúta, irin ti kan irin nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí bíréèkì bá rọ̀ wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí a má ṣe dúró di ọ̀la.

Ẹni tí ó bá lọ ra páàdì, ìbáà ṣe ní Àràromí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Ládípọ̀ ní Èkó, kí ó mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ láti fi wé e. Kí ó ra ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì sì gbó, ọkọ̀ lè yà kúrò lójú ọ̀nà.

BÍ OLÓWÓ ỌKỌ̀ BÁ FẸ́ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE É

1. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn.
2. Kí a dẹ àwọn nọ́ọ̀tì táyà kí a tó gbé ọkọ̀ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan tàbí búlọ́ọ̀kù gbé dúró.
3. Kí a ṣe ẹsẹ̀ kan tán kí a tó tú èkejì, kí èyí tí a kò tíì tú lè jẹ́ àwòṣe.
4. Kí a má ṣe jẹ́ kí kálípà so rọ̀ lára rọ́bà ọ́ìlì rẹ̀. Okùn ni kí a fi so ó. Kí gírísì má ṣe kan ojú páàdì.
5. Nígbà tí a bá parí, kí a tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí ọkọ̀ tó ṣí rárá. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò tẹ bíréèkì nígbà àkọ́kọ́, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá ń jò, tàbí tí afẹ́fẹ́ wọ inú ọ̀pá rẹ̀, iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

ERUKU ÀTI ÌLERA

Láyé àtijọ́, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ páàdì. Eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè fara pamọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Bìrìtéènì fi òfin dè é ní ọdún 1999, àwọn orílẹ̀-èdè European Union sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2005. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ohun tí ó wà nínú páàdì àlòkù. Nítorí náà kí ọmọ iṣẹ́ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku bíréèkì, kí ó má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Àkísà tútù ni kí ó fi nù ún.

ÒKÈ ÀTI ẸRÙ

Ibi tí a ti ń mọ ìwúlò gbogbo èyí ni ojú ọ̀nà olókè, irú èyí tí ó gba Ìwárajà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Bí awakọ̀ bá sì ń tẹ bíréèkì láìsinmi láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbóná gidigidi. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 4 sí lára gbọ́dọ̀ fara da ooru 230 lórí ìwọ̀n Celsius kí ó tó hó nígbà tí ó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní 155. Bí ó bá hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Nítorí náà, kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní ọdún méjì méjì, kí a má sì lo èyí tí agolo rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí tipẹ́. Jíà kékeré ni kí a sì fi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Kékeré ni a ti í pẹ ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí olówó ọkọ̀ yẹ páàdì rẹ̀ wò kí ìkórè tó dé, nígbà tí ẹrù kò tíì wà lórí ọkọ̀, tí àyè sì wà láti ná owó díẹ̀. Ọ̀nà ọjà yóò gùn fún un lọ, yóò sì gùn fún un bọ̀, ṣùgbọ́n yóò délé.