Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọjọ́ Ìsìnkú Di Ọjọ́ Ìbẹ̀wò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ńlá láti Kútọnù lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yóò rin nǹkan bí 200 kìlómítà kí ó tó dé Ìdáàṣà, tí a tún ń pè ní Dassa-Zoumè. Kí ó tó rí ilé, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìlú òkè 41 ni àwọn ènìyàn ń pe ìlú náà. Àwọn òkè wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé sí ẹsẹ̀ wọn. Ojú wọn ni àwọn ọba ìdílé Ọmọ Jagun ṣe jẹ, ojú wọn náà ni wọ́n ṣe wàjà. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń dé, orí wọn ni àwọn ará ìlú sá gùn. Àwọn tó sá gùn wọ́n ti kú. Àwọn tó ń lé wọn náà ti kú. Òkè ṣì wà.

Ní Ìdáàṣà yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan tó kó èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà ní agbègbè yìí. Ó tó 20 ènìyàn tó kú. Ọjọ́ Àìkú ni. Orúkọ ọjọ́ náà kò dí ikú lọ́wọ́.

Ìrìn àjò ni àwọn ènìyàn náà ń lọ, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa ń lọ. Wọn kò mọ̀ pé ìrìn ìkẹyìn ni. Àwọn kan ń retí wọn nílé. Bóyá ọ̀rẹ́ kan wà tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé: “N óò wá kí ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ náà dé, kò sí ẹni tí yóò kí mọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àti ikú kò jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dúró títí ayé, wọ́n a máa mulẹ̀. Paul Hazoumè, ọmọ ìlú Àjàṣẹ́, kọ ìwé kan ní èdè Faransé nípa irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Ọdún 1937 ni ìwé náà jáde. Àwọn tó bá mulẹ̀ kò gbọdọ̀ tú àṣírí ara wọn. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi ara wọn sílẹ̀ nínú ìpọ́njú.

Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wọn. Ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń tẹ̀, tí wọ́n jọ ń roko lórí rẹ̀, òun náà ni yóò gbà wọ́n níkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé: “Ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.” Ẹni tó bá rántí pé ilẹ̀ ń dúró de òun kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣeré.

Lónìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rẹ́ méjì kan, irú èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú wa. Ọ̀kan ń ṣàìsàn. Ó nílò owó oògùn díẹ̀, àti ẹni tí yóò fi alùpùpù gbé e dé ilé ìwòsàn. Èkejì gbọ́, ó ní iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí òun ráyè. Aláìsàn kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí ilé ìtọ́jú òkú. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, owó ń gorí owó. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ tuntun, ọtí àti onílù. Ó yá owó kí ó tó lè ṣe é. Ó sunkún ju àwọn ọmọ olóògbé lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó gbé wá, kò sí èyí tó lè wo àìsàn tó ti pa ènìyàn.

Àwọn àgbà ti rí irú èyí tipẹ́, wọ́n ní: “Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.”

A kò sọ pé kí a má sin òkú wa dáadáa. Ọmọ tó sin òbí rẹ̀ ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sì nílò ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀yẹ òkú kò gbọdọ̀ di gbèsè fún àwọn tó kù. Ìfẹ́ kò sì gbọdọ̀ dúró de ikú kí ó tó jáde sí gbangba.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ rí wọn kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pẹ́ jù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ kọ lẹ́tà sí i, tàbí kí ẹ fi fóònù pè é. Bí ọ̀kan bá jẹ èkejì lówó, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹ̀yin méjèèjì, kí ikú ẹnì kan má baà di ìjà láàárín àwọn ọmọ yín. Bí aáwọ̀ bá sì wà, ẹ parí rẹ̀. Ẹni tó ti kú kò lè sọ fún yín mọ́ pé òun ti dárí jì yín.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí a bá rí ọ̀rẹ́ wa lọ́jà, a kì í dúró di ìgbà tí ọjà bá tú kí a tó kí i. Àwọn òkè Ìdáàṣà lè dúró de ọ̀la. Ẹ lọ kí ọ̀rẹ́ yín lónìí.