Ẹni tí Òfin Ń Dáàbò Bò ní Ibi Ìfúnpo

Ní àwọn abúlé tí ó yí Ẹdẹ ká, epo pupa kan náà ni, ìbáà jẹ́ ìyálé ilé ni ó fún un fún ọbẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ oníṣòwò tí ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni ibi ìfúnpo àwọn méjèèjì. Òfin kò bèèrè bí epo ti pọ́n tó. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ a gba ènìyàn sí iṣẹ́ níbẹ̀, èrè ni a sì ń wá?

Òfin Fákítọ́rì ti ọdún 1987 sọ pé ibi tí a bá ti gba ènìyàn, ìbáà ṣe ẹyọ kan, láti ṣe ohun kan tàbí láti pa á dà fún títà nítorí èrè, fákítọ́rì ni. Ṣáájú ọdún náà, àfi bí òṣìṣẹ́ bá tó mẹ́wàá. Nítorí náà, àtíbàbà onípáànù tí ẹ̀rọ kan ti ń gún ẹyìn lè jẹ́ fákítọ́rì, bí orúkọ náà tilẹ̀ dàbí ẹni pé ó tóbi jù ú lọ. Ó di dandan kí ẹni tí ó ni ín fi orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́, kí ó sì fi ìbòrí sí ara bẹ́líìtì àti irin tí ń yí.

Ẹni tí ó gbé ẹyìn tirẹ̀ wá, tí ó san owó ẹ̀rọ, oníbàárà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń da ẹyìn sẹ́nu ẹ̀rọ, tí ó sì ń gba owó iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ sí ìwé láàárín wọn. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 gba àdéhùn ẹnu. Ó sì pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ fún un kí oṣù mẹ́ta tó pé. A kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tó ọdún 15 sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oko tí kò nira, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí.

Ọ̀ràn ẹbí ni ó díjú. Òfin Iṣẹ́ kò ka ará ilé agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni kì í ṣe ará ilé? Ó sàn kí ẹni tí ń bá ìbátan rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ́ kí wọ́n sọ owó iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba, lójú ẹlẹ́rìí, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ní ti òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti owó, láìjẹ́ pé ó ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi. Kí ọjọ́ 14 tó kọjá ni kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí.