Ṣé O Mọ̀? Agbẹjọ́rò Tí Wíìgì Rẹ̀ Ń Sùn Nínú Páànù

Ṣé o mọ̀ pé ẹni mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ ṣúgà ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin sílẹ̀? Ṣábẹ̀ẹ́ yìí náà ni àwọn Faransé ń kọ ní Savè. Ìjọba Benin mú ìpín 49 nínú 100, ìjọba Nàìjíríà mú 46, Lonrho, ilé iṣẹ́ òwò láti Lọ́ńdọ̀nù, mú 5 tó kù. Wò ó ná: òfin Faransé lẹni àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé, òfin Gẹ̀ẹ́sì lẹni kejì, èrè lẹni kẹta ń wá. Ìrèké nìkan kọ́ ni irú oko bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti ìwé àdéhùn, tí yóò ka gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ọ̀gá tó buwọ́ lù ú. Ẹni yẹn là ń pè ní olórí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní Benin, agbẹjọ́rò yìí kì í ṣe avocat, lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, rárá? Ìlànà tí UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé tí Benin wà nínú rẹ̀, gbé jáde ní 2014 kò gba avocat láyè kó máa gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́ oníṣòwò. Ọjọ́ tó bá gbaṣẹ́ níbẹ̀ ló bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀. Juriste d'entreprise, agbẹjọ́rò inú ilé iṣẹ́, ló dà.

Sọdá ẹnubodè sí Nàìjíríà, tí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ á yí bìrí. Lọ́yà gidi ni tọ̀hún. Ó lọ sí Law School, wọ́n pè é wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, òun àti ẹbí ya fọ́tò pẹ̀lú wíìgì lórí. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò kà á léèwọ̀ fún lọ́yà tó ń gba owó oṣù láti rojọ́ ní kóòtù fún ẹni tó gbà á síṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Wíìgì náà wá ń sùn nínú páànù rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yẹn! Nínú òfin méjèèjì, ẹni tó mọ àṣírí ilé iṣẹ́ jù lọ kọ́ ló ń dìde níwájú adájọ́.

Ṣé o mọ ohun tó fà á? Ẹjọ́ Akzo Nobel, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan, là á yé gbogbo ayé. Ní February 2003, àwọn olùwádìí Àjọ Yúróòpù já wọ ọ́fíìsì Akcros, ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ Akzo, ní agbègbè Manchester, wọ́n sì kó ìwé. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà méjì wà níbẹ̀, tí ọ̀gá ibẹ̀ àti agbẹjọ́rò inú ilé iṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ oníbàárà àti lọ́yà ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á. Lọ́yà yìí sì wà nínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ilẹ̀ Netherlands lóòótọ́. Ní 14 September 2010, ilé ẹjọ́ àgbà Yúróòpù dáhùn pé kò sí ààbò bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí àjọ náà lórí ìdíje ọjà: ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá kò lè dá dúró bí lọ́yà ìta.

Ọ̀nà tí èèyàn fi ń gun orí àga olórí agbẹjọ́rò yàtọ̀ síra. Ní Nàìjíríà, ó wọ́pọ̀ kí olórí agbẹjọ́rò tún jẹ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́, ìdí kan lórí àga méjì. OHADA, òfin òwò tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè míì jọ ń lò, kò ní àga akọ̀wé yẹn. Ẹni tó jáde láti yunifásítì Parakou tàbí ti Abomey-Calavi á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí gbèsè, ilẹ̀ àti ìwé òṣìṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àga yìí lè gbé èèyàn dé orí oyè ọ̀gá pátápátá? Wo Kenneth Frazier ti Amẹ́ríkà. Wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sínú oko ẹrú. Bàbá rẹ̀ ń gbálẹ̀ jẹun ní Philadelphia. Frazier kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́rìnlá ní ilé iṣẹ́ àwọn lọ́yà. Ó tún bá wọn gba Bo Cochran sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ní Alabama. Ó wọ ilé iṣẹ́ oògùn Merck ní 1992, ó di olórí agbẹjọ́rò wọn ní 1999. Ní 2004, Merck kó oògùn Vioxx kúrò lọ́jà nítorí àìsàn ọkàn, ẹjọ́ sì ya lù wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Frazier kò sáré sanwó. Ó ní kí wọ́n máa jà á níkọ̀ọ̀kan. Ní 2007 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní bílíọ̀nù 4.85 dọ́là. Ó di ọ̀gá àgbà Merck ní 2011. Èmi ò mọ̀ bóyá àwọn tí Vioxx ba ayé wọn jẹ́ máa pàtẹ́wọ́ fún sùúrù yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ni Merck pàtẹ́wọ́.

Funke Abimbola, ọmọ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fóònù ló fi gun tiẹ̀. Nígbà tí kò rẹ́ni gbà á síṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé iṣẹ́ lọ́yà àti ẹ̀ka òfin ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí 150. Ó di olórí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ oògùn Roche níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀, níkẹyìn, ibi tí ẹjọ́ òwò láti Ṣábẹ̀ẹ́ lè parí sí? Kì í ṣe Cotonou. Láti ìgbà tí wọ́n ti buwọ́ lu àdéhùn OHADA ní Port-Louis ní 1993, orílẹ̀-èdè 17 ti wọ abẹ́ òfin òwò kan náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Porto-Novo ni ilé ẹ̀kọ́ wọn, ERSUMA, wà. Abidjan sì ni ilé ẹjọ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Lójú mi, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó gbọ́ Faransé, tó sì tún lè ka òfin Gẹ̀ẹ́sì, kò ní pẹ́ ríṣẹ́. Àmọ́ ní Abidjan, avocat nìkan ló lè rojọ́. Olórí agbẹjọ́rò tó kó fáìlì náà jọ láti ilé á jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn èrò ìwòran, á ká bébà kékeré kan, á sì fi ránṣẹ́ síwájú.